Pípọ́ọ̀tì nọ́ńbà fóònù ní Nàìjíríà: ohun tó ń bá yín lọ àti ohun tó ń kù sẹ́yìn

Iṣẹ́ pípọ́ọ̀tì nọ́ńbà, ìyẹn gbígbé nọ́ńbà fóònù yín kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, dára, ó sì yẹ kí àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ń dààmú máa lò ó ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ. Ọ̀fẹ́ ni, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà tí gbogbo ẹbí àti oníbàárà ti mọ̀ mọ́ yín kò ní yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ni yóò máa gbé ìpè yín. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ló ń lọ. Káàdì tó wà lórí láìnì, dátà, owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí ẹ tọ́jú sórí síìmù, àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ tí nọ́ńbà bá kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀, ibẹ̀ náà la sì máa pẹ́ sí jù.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2013 ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ṣí iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń lo GSM. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ti mọ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé láìnì náà: 0803 àti 0806 jẹ́ ti MTN, 0805 àti 0807 jẹ́ ti Glo, 0802 àti 0808 jẹ́ ti Airtel, 0809 jẹ́ ti Etisalat, tó di 9mobile ní 2017, tó sì ti di T2 báyìí. Láti 2013, ibi tí wọ́n bí láìnì sí ni nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ń sọ. Kò sọ ibi tó ń gbé mọ́.

Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni àkọsílẹ̀ kan tó wà láàárín gbogbo àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Bí ẹnìkan bá pe 0803 kan tó ti pọ́ọ̀tì lọ sí Airtel, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ yẹn, kí wọ́n rí i pé ọ̀dọ̀ Airtel ni láìnì náà wà, kí ìpè tó lè débẹ̀. Kò sí wáyà tí ẹnikẹ́ni ń tú, kò sì sí ohun tó ń yí padà nínú fóònù yín ju síìmù lọ. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà níwájú nọ́ńbà yín nínú ìwé ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tó ń tẹ̀lé pípọ́ọ̀tì ló ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan tí kò wo ìwé yẹn, tó ṣì ń fi nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ wà.

Ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lọ bá ni ẹ máa lọ rí, kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣì í níbí: wọ́n á lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ kò nílò ààyè kankan lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ sí ojúlówó ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ tuntun, kì í ṣe abẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta síìmù lójú pópó, torí ìka yín àti NIN yín lẹ fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ mú fóònù tí síìmù àtijọ́ wà nínú rẹ̀ dání, pẹ̀lú NIN yín àti káàdì ìdánimọ̀ kan, kí káàdì ìpè díẹ̀ sì wà lórí láìnì náà kí àtẹ̀jíṣẹ́ má baà kọ̀ láti lọ. Ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á ya fọ́tò yín, ẹ ó tẹ̀ka, wọ́n á sì fún yín ní síìmù tuntun. Wọ́n lè gba owó síìmù, ìyẹn kò burú. Owó pípọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni kò sí, ẹni tó bá sì bèèrè rẹ̀ ń gba ohun tí kò tọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí, láti orí síìmù àtijọ́, ẹ ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí 3232. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa wà nínú rẹ̀: PORT. Àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni ẹ̀rí pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lọ ni láìnì náà wà, pé kì í ṣe ẹni tó kàn mọ nọ́ńbà yín ló fẹ́ jí i gbé. Fóònù onísíìmù méjì ló sì ń ba ibí yìí jẹ́ jù. Fóònù á fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ láti orí síìmù kejì láìjẹ́ kí ẹ mọ̀, àwọn tó ń dúró dè é kò ní rí i lórí nọ́ńbà tó yẹ, ẹ ó sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé gbogbo nǹkan ti parí. Ẹ yọ síìmù kejì kúrò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ lọ sí ibi ètò fóònù kí ẹ yan síìmù tí ẹ fẹ́ kó lò. Ẹ má kúrò níwájú òṣìṣẹ́ náà títí èsì fi dé.

Síìmù àtijọ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú fóònù, ẹ máa gba ìpè lórí rẹ̀. Ọjọ́ tàbí wákàtí tó bá pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì pátápátá, ìgbà náà ni kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́, kí ẹ pa fóònù kí ẹ sì tún tàn án. Wákàtí 48 ni gbèdéke tí wọ́n fi lélẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dára jù láti lọ. Ẹni tó bá ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè wọ òpin ọ̀sẹ̀ láìní láìnì tó ń ṣiṣẹ́, kó má sì rí ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti pọ́ọ̀tì láìnì yín, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Láìnì púpọ̀ ló wà tó jẹ́ pé ọkọ, ìyàwó, ọ̀gá tàbí ẹni tó ta síìmù ló fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, irú láìnì bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tó máa gbà kọjá: orúkọ inú NIN yín àti orúkọ tó wà lórí láìnì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnìkan náà. Kódà Adébáyọ̀ níbì kan àti Bayo níbì kejì lè dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ lẹ ti máa tún èyí ṣe kí ẹ tó ronú àtilọ. Bákan náà ni ẹni tó fẹ́ gba láìnì bàbá rẹ̀ tàbí tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀: yíyí orúkọ oní-nǹkan padà nìyẹn, kì í ṣe pípọ́ọ̀tì, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé láìnì náà lọ́wọ́lọ́wọ́ ló sì máa ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan sọ fún yín pé òun máa ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí kejì ni gbèsè. Káàdì àwìn tí ẹ kò tíì san, tàbí owó oṣù tí ẹ jẹ lórí láìnì tí wọ́n ń san lẹ́yìn ìlò, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tán. Láìnì tí wọ́n ti tì, tàbí tó ti pẹ́ tí ẹ kò lò ó, kò ṣeé pọ́ọ̀tì títí tó fi jí. Ìdí tó kù ni ọjọ́ orí pípọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Òfin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2013 sọ pé ẹni tó bá ti pọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 90 kó tó tún lè ṣí lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ ní kí wọ́n sọ iye ọjọ́ tó wà nínú òfin lọ́jọ́ náà fún yín, torí pé iye ọjọ́ yẹn lẹ máa fi bá wọn gbé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun bá burú ju ti àtijọ́ lọ.

Ó yẹ kí ẹ ti mọ̀ bóyá ó burú kí ẹ tó lọ. Ẹ ra síìmù lásán ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń wò, ẹ fi sí ojú kejì fóònù yín fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá, kì í ṣe ní àgbàlá. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ níbi iṣẹ́, lójú ọ̀nà, àti láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yá lówùúrọ̀ lè fà bí ìgbín ní àkókò náà. Ẹ tún kíyè sí i bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì máa ń dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Nàìjíríà, òpó kan lè gbé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló sì máa ń ni òpó náà. Bí epo dísẹ́ẹ̀lì bá tán lórí irú òpó bẹ́ẹ̀, tàbí tí bátìrì bá kú, gbogbo wọn ló máa lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí ládùúgbò yín, pípọ́ọ̀tì kò ní yí ohunkóhun padà, ẹ kúkú dúró síbi tí ẹ wà.

Ó wá ku ohun tí kì í bá nọ́ńbà lọ. Káàdì àti dátà tó kù lórí láìnì àtijọ́ ti ṣòfò, títí kan dátà ẹ̀bùn àti èyí tí ẹ fi owó yín rà. Ẹ lò ó tán kí ẹ tó fi PORT ránṣẹ́. Orúkọ tí ẹ tọ́jú sórí síìmù kì í ṣe ti nọ́ńbà, ara síìmù ló lẹ̀ mọ́, òfìfo sì ni síìmù tuntun. Ẹ kó wọn sórí fóònù tàbí sínú àkáǹtì Google yín ṣáájú. Ètò tí ẹ bá ti fi owó oṣù sí, bí orin tó ń dún sétí ẹni tó ń pè yín, ti parí. Fífi dátà tàbí káàdì ránṣẹ́ láàárín ara yín pẹ̀lú *321# kì í kọjá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, nítorí náà ẹni tó máa ń rí dátà gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lórí MTN kò ní rí i gbà mọ́ tó bá ti kúrò níbẹ̀.

Owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ fóònù ń fẹ́ àkíyèsí tó pọ̀ ju káàdì lọ. Ẹni tó ní owó nínú MoMo ti MTN tàbí SmartCash ti Airtel, kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí báǹkì kó tó pọ́ọ̀tì, kó má bàa di pé ó ń wá kóòdù tí kò wọlé mọ́ lórí láìnì tuntun. Ti OPay tàbí PalmPay yàtọ̀. Nọ́ńbà fóònù láìsí òdo àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà àkáǹtì níbẹ̀, wọn kò sì bìkítà nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé e. Àkáǹtì yín wà bó ṣe wà. WhatsApp náà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, torí nọ́ńbà kò yí padà.

Báǹkì ni ibi tó gba sùúrù jù. Báǹkì kì í sábà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ alágbàtà ló ń bá a kó o lọ. Àwọn alágbàtà kan ṣì ń wo 0803 kí wọ́n tó ju àtẹ̀jíṣẹ́ sọ́dọ̀ MTN, nígbà tí láìnì ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ìpè ń wọlé, WhatsApp ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tó sì ń dé, ṣùgbọ́n kóòdù tí báǹkì fi ń jẹ́rìí owó fífi ránṣẹ́ kò wá. Kóòdù Google tàbí Facebook tó ń bọ̀ láti òkè òkun lè ṣe bákan náà. Ẹ má lọ gbẹ́kẹ̀ lé títẹ bọ́tìnì fún kóòdù mìíràn léraléra, torí pé àwọn áàpù kan máa ń ti àkáǹtì lẹ́yìn ìgbìyànjú mélòó kan.

Kí ẹ tó pọ́ọ̀tì ni ẹ ti máa tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ rí i pé ímeèlì tó wà lọ́wọ́ báǹkì ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa fi ìròyìn owó àti kóòdù síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣí tókìnì, ìyẹn ohun tó ń ṣe kóòdù láìsí àtẹ̀jíṣẹ́, nínú áàpù báǹkì yín bó bá ní i, tàbí kí ẹ gba ẹ̀rọ tókìnì kékeré ní báǹkì. Fún Google àti Facebook, ẹ so áàpù tó ń ṣe kóòdù fúnra rẹ̀ mọ́ àkáǹtì, kí ẹ sì kọ àwọn kóòdù ìpamọ́ sórí ìwé. Ní ti kóòdù báǹkì tí à ń tẹ̀ lórí fóònù láìsí dátà, àwọn báǹkì kan á rí i pé síìmù ti yí padà, wọ́n á sì dá owó dúró títí ẹ fi jẹ́rìí ara yín. Kò sí ìbínú níbẹ̀ o. Ààbò ni, torí ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé ni pé kó gba síìmù tuntun lórí nọ́ńbà onínǹkan. Ẹ kàn má ṣe pọ́ọ̀tì lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ san owó ilé tàbí owó ilé-ìwé.

Ríra káàdì ni ìdààmú ojoojúmọ́, ó sì ṣeé yanjú. Áàpù báǹkì máa ń yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí 0805 yín bá ti wà lọ́dọ̀ MTN, á kọ Glo síbẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ owó, káàdì kò sì ní wọlé. Ẹ fọwọ́ yí i padà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun kí ẹ tó san. Àwọn áàpù kan ní àpótí kékeré tí ẹ máa fọwọ́ bà láti sọ pé nọ́ńbà náà ti pọ́ọ̀tì. Bí kò bá sí nínú tiyín, ẹ lo áàpù mìíràn tàbí kí ẹ ra káàdì tí à ń họ, kí ẹ fi *311* lóòdù rẹ̀. Àwọn tó máa ń ra káàdì fún yín náà gbọ́dọ̀ mọ̀, pàápàá àwọn ọmọ tó wà lókè òkun tó ń fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Láti 2023, ohun kan ti rọrùn: kóòdù ti dọ́gba lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, *310# fún wíwo káàdì tó kù, *312# fún ríra dátà, *323# fún wíwo dátà, 300 fún bíbá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó pọ́ọ̀tì kò ní láti há kóòdù tuntun sórí.

Bí a bá fi tiwa wé ti Britain, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tí ìpinnu wà. Láti oṣù keje ọdún 2019, ẹni tó bá wà ní London tó fẹ́ lọ máa kọ PAC ránṣẹ́ sí 65075, ilé-iṣẹ́ tó ń fi sílẹ̀ á sì fi kóòdù kan ránṣẹ́ padà sí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ 30 ni kóòdù náà fi ń ṣiṣẹ́. Ó máa gbé e fún ilé-iṣẹ́ tuntun, láìnì á sì lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kankan tó gbọ́dọ̀ wọ̀. Nàìjíríà ti ní NIN lórí gbogbo láìnì báyìí. Ẹni tí NIN rẹ̀ àti láìnì rẹ̀ bá ti bára mu kò yẹ kó tún máa wọ mọ́tò láti Ìgbóho lọ sí ìlú ńlá nítorí kó lè tẹ̀ka tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àléébù tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó sì ń wúwo jù lórí àwọn tó wà ní ìgbèríko, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti burú jù, tí ṣọ́ọ̀bù sì ti jìnnà jù.

Ẹni tí láìnì rẹ̀ jẹ́ ti òwò, tí ó wà lára ọkọ̀, lórí bébà àti lẹ́nu oníbàárà, fún un ni iṣẹ́ yìí wúlò jù, kó lọ láìbẹ̀rù tó bá ti dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun wò. Ẹni tó jẹ́ pé dátà nìkan ló ń ṣe é ní wàhálà kò nílò rẹ̀: kó fi síìmù kejì ṣe dátà, kó jẹ́ kí nọ́ńbà àtijọ́ máa gba ìpè àti kóòdù báǹkì níbi tó wà. Àgbàlagbà tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, tí kì í lo áàpù, tí àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì sì ni ojú rẹ̀ lórí owó, a kò ní gbà á níyànjú láti pọ́ọ̀tì àyàfi bí ẹnìkan bá wà nítòsí tó máa bá a yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Bí wákàtí 48 bá kọjá tí láìnì kò sí lórí síìmù àtijọ́ tí kò sì sí lórí tuntun, tàbí tí àwọn kan ń rí yín pè tí àwọn mìíràn ń gbọ́ pé nọ́ńbà kò sí, àkọsílẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ilé-iṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn tí kò rí yín pè sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí wọ́n pè, torí ohun tí òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Ẹ pe 300 láti orí láìnì mìíràn tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tuntun, ẹ ṣàlàyé, ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ tuntun ni kó máa lé e kiri, kì í ṣe ẹ̀yin, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ má gbà. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn. Láìsí i, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá yín padà sí.